Lẹ́tà ṣíṣí sí Mínísítà Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́: Káṣúà tó kú sẹ́nu ẹ̀rọ, òṣìṣẹ́ ni

Sí Ọlọ́lá jùlọ, Mínísítà fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ àti Ìgbanisíṣẹ́, Àbújá.

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Tíṣà ni mí ní Ìbàdàn. Ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, kúrò nílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ ṣe ṣíìfù alẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń lọ ike àlòkù. Wọn ò tíì pe ìrun àsùbáà lọ́jọ́ kejì tó fi di olóògbé. Ẹ̀rọ tó ń lọ ike ló gbá a lápá aṣọ mú. Irin tó yẹ kó bo ẹnu ẹ̀rọ náà, wọ́n ti tú u sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti bí oṣù mélòó kan, wọ́n ní ó ń dá iṣẹ́ dúró. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lóru ọjọ́ náà ló sọ fún mi nígbà tí wọ́n wá kí wa kú ará fẹ́ra kù. Nígbà tí mo ní kí wọ́n bá mi kọ ọ́ sórí ìwé, wọ́n sorí kọ́. Mi ò bá wọn wí. Àwọn náà lọ́mọ nílé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń jẹun.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Ó fi ìyàwó àti ọmọ méjì sílẹ̀: èyí ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé, èyí àbúrò kò tíì ju ọmọ ọdún kan lọ. Ohun tí ilé iṣẹ́ náà kó padà fún wa nínú ọ̀rá dúdú kò ju mẹ́ta lọ: fóònù rẹ̀, sílípáàsì rọ́bà tó ń wọ̀ ṣiṣẹ́, àti kúlà oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ dì fún un. Ìrẹsì inú kúlà náà ṣì ku ìdajì. Sílípáàsì lọmọ èèyàn ń wọ̀ dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ ike bí ẹni lọ ata, fún ọdún mẹ́ta ààbọ̀, kò sì sẹ́ni tó fún un ní bàtà.

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà níbí. Ẹjọ́ tiwọn ní ibi tí a ó ti rò ó. Ohun tó mú mi kọ̀wé sí yín ní gbangba ni pé láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, kò síbi tí mo sọ ọ́ dé ní Ìbàdàn tí n kì í bá ẹni tó ní irú rẹ̀ nílé. Mo bá a níbi tí wọ́n ti ń la pákó ní Bódìjà. Mo bá a lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù lọ́nà Apátá. Mo bá a láàárín àwọn bíríkìlà tó ń gun ilé alájà mẹ́ta láìso okùn mọ́ra. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn fi ń parí ìtàn wọn: "Wọ́n ṣáà fún wọn lówó gbà-má-bínú."

Gbà-má-bínú yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ bá wa mú kúrò nínú ọ̀ràn yìí.

Àwọn kan ní kí n kọ̀wé sí Gómìnà ní Agodi. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 to ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ààbò òṣìṣẹ́ sínú àwọn ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. NSITF, àjọ tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó fara pa àti ẹbí ẹni tó kú, abẹ́ yín ló wà. Àwọn ìnsípẹ́kítọ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò ilé iṣẹ́, òṣìṣẹ́ yín ni wọ́n. Ọ̀dọ̀ yín lẹjọ́ yìí wà.

1. "Káṣúà ni, kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa. Kọngílá ló kó wọn wá."

Ọ̀rọ̀ tí mánéjà kọ́kọ́ sọ fún wa nìyẹn, kí ara òkú tó tutù. Ẹnu géètì kan náà ni àbúrò mi ń gbà wọlé fún ọdún mẹ́ta ààbọ̀. Ọ̀gá kan náà ló ń pàṣẹ fún un. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń sanwó fún un, owó ojúmọ́ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, nínú àpòòwé tí wọn kò kọ orúkọ sí lára.

Mo wá òfin náà kà, abala lẹ́yìn abala. Employee's Compensation Act ni wọ́n ń pè é, oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Nígbà tó ń ṣàlàyé ẹni tí òṣìṣẹ́ jẹ́, ó ní ì báà jẹ́ àdéhùn ẹnu, ì báà jẹ́ àdéhùn inú ìwé. Ì báà jẹ́ iṣẹ́ gbogbo ìgbà, iṣẹ́ onígbà díẹ̀, ìkọ́ṣẹ́ tàbí káṣúà. Káṣúà wà níbẹ̀ gbangba. Ọmọ ọ̀dọ̀ pàápàá wà níbẹ̀, bí kò bá ti jẹ́ ẹbí ẹni tó gbà á. Àwọn ọmọ ogun ni òfin náà yọ sílẹ̀. Kò yọ ẹni tí kọngílá kó wá.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ nítorí àwọn tó ń bá wa kà á. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, obìnrin tó ń ru yanrìn níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, bàbá tó ń ṣọ́ géètì lóru, òṣìṣẹ́ ni òfin pe gbogbo wọn. Òfin náà kò sì dúró sẹ́nu géètì. Bí òṣìṣẹ́ bá fara pa lójú ọ̀nà tó máa ń gbà láti ilé lọ síbi iṣẹ́, tàbí nígbà tó ń bọ̀ wálé, ó ka ìyẹn náà mọ́ iṣẹ́. Etí tó di díẹ̀díẹ̀ nítorí ariwo ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, kí àwọn ará wa tó ń la pákó gbọ́. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé kò mọ ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí títí ikú fi kọ́ mi.

Ọlọ́lá, mélòó nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Ìbàdàn ló ń ka káṣúà mọ́ àwọn tí wọ́n ń sanwó lé lórí fún NSITF? Ẹ bi wọ́n. Ẹni tó bá ń wá kọ́ńtíráàtì ìjọba àpapọ̀ máa ń sáré gba ìwé ẹ̀rí NSITF, torí wọn yóò bi í. Ẹni tí kò wá kọ́ńtíráàtì, tó ní ogójì ọmọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ lóru, òun ni mo ń sọ.

2. Owó yìí kò sí lábẹ́ àánú ẹnikẹ́ni.

Òfin ní kí agbanisíṣẹ́ máa kó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ fún NSITF lóṣooṣù, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ rẹ̀ lára owó òṣìṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi owó oṣù tó kéré jù lọ ṣe ìṣirò, ₦70,000 tí òfin ọdún 2024 là kalẹ̀. ₦700 lóṣù ni ilé iṣẹ́ náà ìbá máa san lórí àbúrò mi. ₦700 kò ra abọ́ àmàlà kan pẹ̀lú ẹran ní Ìbàdàn lónìí.

Bí òṣìṣẹ́ bá wá kú sẹ́nu iṣẹ́, tó fi opó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò máa san fún wọn. Oṣooṣù ni. Lórí ₦70,000, ₦63,000 nìyẹn. Àwọn ọmọ yóò máa jẹ nínú rẹ̀ títí wọn yóò fi pé ọmọ ọdún 21, tàbí títí wọn yóò fi jáde yunifásítì, èyí tó bá ṣáájú. Òfin tó wà kí èyí tó dé, Workmen's Compensation Act, owó oṣù 42 ló máa ń ní kí wọ́n san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Ẹni tó bá mọ bí ẹbí ṣe máa ń yí owó òkú ká nílẹ̀ yìí yóò mọ ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ di oṣooṣù.

Ohun tí wọ́n gbé wá fún wa ni ₦300,000, àpò ìrẹsì kan àti gálọ́ọ̀nù òróró kan. Ẹ pín in wò. ₦300,000 kò tó ₦63,000 lọ́nà márùn-ún. Oṣù márùn-ún ti pé báyìí. Ká ní iye tí òfin ní kí wọ́n máa ná lóṣù ni wọ́n ń ná, owó náà ti tán, ọmọ kékeré náà sì ṣì ní ogún ọdún kó tó pé 21.

3. Ìwé tí opó tẹ̀ka sí.

Ọjọ́ fìdáù, ọjọ́ kẹjọ, ni wọ́n gbé owó náà dé. Àwọn ààfáà ṣì wà lórí ẹní. Ọkùnrin méjì ni, wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí bàbá wa, wọ́n jókòó, wọ́n ṣe àmín sí gbogbo àdúrà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n pe ìyàwó olóògbé sí yàrá. Wọ́n yọ ìwé kan, wọ́n yọ páàdì tàdáwà. Kò mọ̀wé. Wọ́n ní kó tẹ̀ka láti fi hàn pé owó dọ́wọ́ rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó rí ẹ̀dà ìwé náà kà. Ìlà méjì tó gbẹ̀yìn sọ pé ẹbí ti gba gbogbo ohun tó tọ́ sí wọn, wọn kò sì ní béèrè ohunkóhun mọ́ láéláé.

Tàdáwà búlúù ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà ní àtàǹpàkò rẹ̀. Mo bá a lẹ́yìnkùlé láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó ń fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú ha á, ó ti ha á títí awọ fi bó, nítorí ẹnì kan nínú ẹbí ti sọ fún un pé ó fi ìka kan ta ọkọ rẹ̀. Mo gba kànìnkànìn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ìyàwó wa, ìwọ kọ́ lo tà á."

Ìwé òfin wà lẹ́yìn mi nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì mọ̀ lọ́jọ́ náà. Òfin 2010 yẹn ní òṣìṣẹ́ kò lè bá agbanisíṣẹ́ ṣàdéhùn pé òun yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ òun, tàbí ẹ̀tọ́ àwọn tó gbójú lé òun. Bí wọ́n bá ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, asán ni. Bí ẹni tó wà láàyè, tó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, kò bá lè fọwọ́ ara rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀, báwo ni opó ọjọ́ mẹ́jọ ṣe fẹ́ fi àtàǹpàkò yọ̀ǹda rẹ̀? Ṣùgbọ́n irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà nínú àpótí ọ̀pọ̀ obìnrin ní ìlú yìí, wọ́n dì í sáàárín ìró, wọ́n sì gbà pé òun ló ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Wọn ò ní béèrè láé, nítorí wọ́n rò pé àwọn ti tẹ̀ka.

4. Ọjọ́ tí òfin dá, àti bí àwa ṣe ń sin òkú wa.

Òfin fún òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí ní ọjọ́ 14 láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí. Ó fún agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí, bó bá sì jẹ́ ikú ni, lójú ẹsẹ̀ ni. Ẹbí ní ọdún kan láti béèrè owó náà. Mi ò bá òfin jà lórí ọjọ́. Ohun tó ń dùn mí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kìíní.

Mùsùlùmí ni wá, òkú wa kì í sùn. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n gbé àbúrò mi wálé. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, a ti sin ín. Kò sẹ́ni tó ronú pé kí dókítà yẹ òkú wò. Kò sẹ́ni tó ronú kan ọlọ́pàá. Ẹkún là ń sun, sàréè là ń gbẹ́. Ní gbogbo àsìkò tí à ń gbẹ́ sàréè yẹn, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ṣíìfù sọ fún mi pé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, irin ti padà sẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n ti fi omi fọ ilẹ̀, ẹ̀rọ sì ti ń lọ. Opó jókòó opó, oṣù mẹ́rin ó lé ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ 14 òfin kọjá lórí rẹ̀ nínú yàrá.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ẹni tí mo fọ̀rọ̀ lọ̀ wá ń bi mí pé, "Ẹ̀rí dà?" Ẹ̀rí wà nílẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá, Ọlọ́lá. A fi wákàtí mẹ́wàá yẹn sin òkú bí ẹ̀sìn wa ṣe pa á láṣẹ. Kò yẹ kí ìgbàgbọ́ ẹni di ohun tí ilé iṣẹ́ yóò fi sá lábẹ́ òfin.

5. ₦5,000.

Factories Act, òfin ilé iṣẹ́ ti ọdún 1987, ní bí onílé iṣẹ́ bá rú òfin náà tí ènìyàn sì tipa bẹ́ẹ̀ kú, owó ìtanràn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ₦5,000 lọ, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n tí kò ju ọdún méjì lọ, tàbí méjèèjì. Ní 1987, owó ni. Lónìí kò tó ra bàtà iṣẹ́ tó yẹ kó wà lẹ́sẹ̀ àbúrò mi.

6. Àwọn àgbà Ìbàdàn rántí wolé-wolé.

Á wọ agboolé láàárọ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, á ṣí àmù wò bóyá tanwíjí wà nínú omi, ìyá tí omi rẹ̀ bá sì dọ̀tí mọ̀ pé òun rí kóòtù. Nítorí tanwíjí ni o. Òfin ilé iṣẹ́ yẹn fún ìnsípẹ́kítọ̀ yín ní agbára tó ju ti wolé-wolé lọ: ó lè wọlé lọ́sàn-án, ó lè wọlé lóru, ó lè béèrè ìwé, ó lè bi òṣìṣẹ́ léèrè ọ̀rọ̀. Òfin kan náà ló ní kí wọ́n bo gbogbo ibi tó léwu lára ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ òru yẹn ni kí ẹ dì mú. Òru ni wọ́n máa ń tú irin kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. Òru ni wọ́n máa ń fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́ kí wọ́n má baà jí ẹrù. Ní ọdún 2002, iná jó ilé iṣẹ́ rọ́bà kan ní Ìkòròdú, ilẹ̀kùn wà ní títì, àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún. Mo mọ géètì tí wọ́n ṣì ń tì bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí.

Ẹ pàṣẹ pé ibikíbi tí òṣìṣẹ́ bá kú sí, kí ẹ̀rọ náà tàbí ibẹ̀ wà bó ṣe wà títí ìnsípẹ́kítọ̀ yóò fi dé, kó sì dé lọ́jọ́ náà. Kó ya fọ́tò, kó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀, kó má sì jẹ́ kí ọ̀gá wọn dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Èyí ni mo fi ṣíwájú, torí bí a bá rí èyí ṣe, a ti rí ìdajì àwọn yòókù ṣe.

Ẹ jáde sọ ọ́, lẹ́nu ara yín, pé ìwé tí opó tẹ̀ka sí kò pa ẹ̀tọ́ rẹ̀ rẹ́. Kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè Yorùbá lórí rédíò Ìbàdàn, láàárọ̀ kí àwọn èèyàn tó jáde, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, títí gbogbo agboolé yóò fi gbọ́. Kí ilé iṣẹ́ tó bá tún gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ síwájú opó rí ìjà òfin.

Kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé orúkọ gbogbo ẹni tó ń gba géètì rẹ̀ wọlé ṣiṣẹ́, kọngílá ló kó wọn wá ni, àwọn fúnra wọn ló wá ni, kí NSITF sì fi ìwé yẹn ṣírò ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún náà. Kí wọ́n lẹ ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí wọ́n ti ń gbowó ní Sátidé, ní èdè tí wọ́n ń sọ.

Kí ẹ gbé àtúnṣe òfin 1987 yẹn lọ sílé aṣòfin. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ILO, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí Nàìjíríà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ka ibi iṣẹ́ tí kò léwu mọ́ àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́. Ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ àti ₦5,000 kò lè jọ gbé inú ilé kan.

Ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ni gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún ààbò lẹ́nu iṣẹ́. Bí ọjọ́ náà bá tún dé, ẹ wá lò ó ní Ìbàdàn. Ẹ wá lóru. Èmi yóò mú yín yí ká.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ìyàwó àbúrò mi bọ́ aṣọ opó. Ọjọ́ kejì ló ti pọn ọmọ wá bá mi nílé pé ká kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Oṣù méje ló kù nínú ọdún tí òfin fún wa. Èmi ń kọ, òun ń sọ ohun tí n ó kọ. Nígbà tí mo dé ibi tí a ti fẹ́ sọ irú ẹni tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ní ilé iṣẹ́ náà, mo ti kọ "káṣúà" tán. Ó ní kí ni mo kọ síbẹ̀. Mo kà á fún un. Ó ní kí n pa á rẹ́, kí n kọ "òṣìṣẹ́". Mo pa á rẹ́, mo kọ "òṣìṣẹ́", ó sì tẹ̀ka sí i.

À ń retí èsì yín.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n olóògbé,
Ìbàdàn.